Búlọ́ọ̀kù Ìdàrọ́

Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, Jíbrílù ló ń bójú tó ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó máa ń léfòó lórí irin tó bá yọ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n á kó o sí yàrá kan, wọ́n á sì darí èéfín iléeṣẹ́ náà síbẹ̀. Gáàsì inú èéfín á wọnú ìdàrọ́, á di òkúta, kò sì ní lè bá afẹ́fẹ́ lọ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà kí búlọ́ọ̀kù tó le.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ kò lò ju ọjọ́ kan lọ nínú yàrá náà. Jíbrílù ló ní kí wọ́n kó wọn jáde, torí ó fẹ́ tètè fi ta Abdulafeez, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́rẹ. Télọ̀ ni Abdulafeez ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì fẹ́ fi yàrá kan kún ilé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ gbé Abdulafeez lọ sí Ìjẹ̀bú lásìkò tí wọ́n ń kọ́ ọ. Afusat, ìyàwó rẹ̀, ló dúró ti bíríkìlà.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, ògiri yàrá tuntun náà wó pa Abdulafeez. Kí Jíbrílù tó dé, wọ́n ti sin ín, wọ́n sì ti kó àwókù dànù.

Gbogbo Sátidé ni Jíbrílù ń gbé ìrẹsì lọ kí opó náà. Afusat á bu omi fún un, á jókòó, á máa wolẹ̀. Bí Jíbrílù bá ti fẹ́ dárúkọ ògiri, Afusat á ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Jíbrílù kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa, èmi ni mo pa ọkọ yín. Búlọ́ọ̀kù yẹn ò tíì le nígbà tí mo kó o wá. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ yìí, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín."

Afusat bú sẹ́kún. "Ẹ dìde. Tiyín kọ́ ló wó. Mo ta tiyín, mo lọ ra olówó pọ́ọ́kú, mo sì purọ́ fún ọkọ mi. Èmi ni mo pa á."

Jíbrílù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọjọ́, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í pé ta ló tà á fún.

"Ilé kéwú tó wà lẹ́yìn òpópónà Adéníji Adélé ni," Afusat dáhùn, "wọ́n fi kọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wà báyìí."