Irọ́ Tí Rodney Thurtle Kọ Sínú Ìwé Àbàtà

Rodney Thurtle kì í fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn rí ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Àbùkù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ni pé bí inú bá bí i, ọwọ́ rẹ̀ a máa yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ pa á.

Ní abúlé rẹ̀ létí òkun Norfolk, bí òtútù bá ti mú tí omi di yìnyín, tọmọdé tàgbà a wọ bàtà rọ́bà, wọn a gbé awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni kọ́rùn, wọn a lọ wo ẹyẹ lórí àbàtà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń kún bo àbàtà náà. Nítorí èyí, ìwé kan wà nínú ahéré onípákó tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹyẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àbàtà a kọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà síbẹ̀. Bó bá padà dé, a fa ìlà lé e. Bàbá Catchpole, arúgbó apẹja, ló ń ka ìwé náà kí omi tó kún. Orúkọ tí kò bá ní ìlà lórí, dandan ni kí wọ́n wá olúwa rẹ̀ lọ.

Inú ìwé yìí kan náà ni wọ́n ń kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sí, ibẹ̀ sì ni Rodney ń kó irọ́ rẹ̀ sí. Bó bá rí àṣá ní ìwọ̀-oòrùn, ìlà-oòrùn ni yóò kọ, kí ó lè dá nìkan wò ó. Ọjọ́ kan, ó rán Tíṣà Pettifer lọ sí pápá tó ti di yìnyín, obìnrin náà sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

“Tíṣà, ṣé ẹ rí i?” Rodney ń mu tíì rẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹyẹ wo? Àfi imú mi tó fẹ́ já bọ́ ni mo rí.”

“Ó ní láti jẹ́ pé ó gbọ́ pé tíṣà ń bọ̀ ló fi sá. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lè má tíì parí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà pàápàá rín.

Àwòrán ẹyẹ tí Rodney fi kámẹ́rà yà kún ara ògiri gbọ̀ngàn abúlé. Ọdún mẹ́ta léraléra ni ife-ẹ̀yẹ ìdíje àwòrán ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọn kò mọ̀ pé òkò ló ń sọ lu àwọn ẹyẹ náà kí wọ́n lè na ìyẹ́ fún un, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ọ̀rá ara ni ẹyẹ fi ń la ìgbà òtútù já.

Bàbá Catchpole mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ká a mọ́ ibi tó ti ń sọ òkò lu ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan tí ebi ti sọ di egungun.

“Rodney, fi ẹyẹ ẹlẹ́yẹ sílẹ̀!”

“Bàbá, ẹ bá tiyín lọ.”

“Tèmi nìyí. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. Bí o bá kọ ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ni mo máa ń wò. Lónìí, n ó sọ fún gbogbo wọn.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Rodney gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń gbé kámẹ́rà dúró, ó là á mọ́ arúgbó náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Egungun dún bí igi gbígbẹ. Bàbá ṣubú, Rodney tún là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ àti eyín fọ́n sórí yìnyín. Lẹ́yìn náà ló sáré wọ abúlé: “Ẹ gbà wá o! Bàbá ti yọ̀ ṣubú!” Òun fúnra rẹ̀ bá wọn gbé e, ó ń sunkún. Ní ilé ìwòsàn, Bàbá kò mọ ènìyàn, kò mọ ibi tó wà. Tíṣà Pettifer ló wá ń ka ìwé àbàtà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, òwìwí funfun kan dé láti ìhà àríwá jíjìn, irú èyí tí ẹlòmíràn ń retí títí ó fi kú. Rodney rí i lórí òkìtì kan ní ìwọ̀-oòrùn, ní ìkọjá odò tóóró. Ó yára kọ ọ́ sínú ìwé: “Òwìwí funfun, ìlà-oòrùn, lẹ́bàá igbó páìnì. Ibẹ̀ ni mò ń lọ.” Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo abúlé wọ́ lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọn kò rí ẹyẹ, wọ́n padà, wọ́n ní Rodney ti wọ inú igbó lọ.

Ẹyẹ náà ti rù, kò fẹ́ fò. Rodney fọ́ yìnyín, ó sọ ọ́. Kò bà á. Ó sọ èkejì, apá ẹyẹ ṣẹ́. Ó wá lọ gbá a mú kí ó lè jù ú sókè, kí ìyẹ́ rẹ̀ lè ṣí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwìwí ki èékánná bọ̀ ọ́ lójú, ó sì fa ojú òsì rẹ̀ ya. Rodney ké, ó fẹ̀yìn rìn, ó já sínú odò tòun ti ẹyẹ lọ́wọ́. Yìnyín fọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ gbá a mú dé itan, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì yọ síta.

Omi òkun ti ń bọ̀.

Tíṣà Pettifer ti rí orúkọ tí kò ní ìlà lórí. Ó fọn fèrè, ó sì kó ọgbọ̀n ènìyàn wọ igbó páìnì. Rodney ń gbọ́ wọn lókèèrè.

“Rodney o! Rodney Thurtle! Dá wa lóhùn!”

“Ìwọ̀-oòrùn!” ló ń ké. “Ìwọ̀-oòrùn ni mo wà!”

Atẹ́gùn dá ohùn rẹ̀ padà sí i lẹ́nu. Omi dé àyà, ó dé àgbọ̀n. Ègé yìnyín ń gbá a lẹ́nu títí ètè rẹ̀ fi ya. Wọ́n ṣì ń pè é nígbà tí etí rẹ̀ ti wọ abẹ́ omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàbá Catchpole lajú. Kò lè la ẹnu. Nígbà tí Tíṣà ròyìn fún un, ó béèrè bírò, ó kọ ọ́ pé: “Ìlà-oòrùn ló kọ? Ẹ wá a sí ìwọ̀-oòrùn.”

Wọ́n bá a níbẹ̀ nígbà tí omi fà, lóòró nínú ẹrẹ̀, olójú kan, ìyẹ́ funfun kún ìkúùkù rẹ̀. Òkú òwìwí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báyìí ni gbogbo abúlé ṣe rí ẹyẹ tó fẹ́ dá nìkan wò.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Òpùrọ́ a máa rò pé ìyà tí òun lè jẹ kò ju kí wọ́n má gba òun gbọ́ mọ́. Rodney jẹ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n gbà á gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ irọ́ rẹ̀ ni ì bá gbà á là, òun náà ni Rodney sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù bolẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró létí omi rí, tó ń pe orúkọ ẹni tí kò dáhùn, mọ bí ohùn àwọn ọgbọ̀n ènìyàn náà ti rí. Ẹ má fi ìyà jẹ ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ má sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tó bá yín wí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn yín mọ ibi tí ẹ wà ní tòótọ́, kí ìfẹ́ wọn má baà wá yín lọ síbi tí ẹ kò sí.