Kẹ̀kẹ́ Tuntun Kan Ṣoṣo Tó Kù ní Kétu

Ẹ dákun, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á tán pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà ná bí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

1.

Màríyámọ̀, tí gbogbo Mile 12 ń pè ní Ìyá Kabir, tòmátì ló ń tà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ ọjà ná, òun ni. Àwọn ará òkè Ọya tó ń kó tòmátì wá ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, "Ó ti dé o, ẹ múra." Ọgbọ́n kan ló ń dá. Á pe iye tó wù ú, tí ọlọ́jà bá ní kò gbà, á kẹ̀yìn sí i, á máa lọ jẹ́jẹ́. Kò ní í bojú wẹ̀yìn. Kò sì ní í pẹ́ tí ọlọ́jà á fi ké tẹ̀ lé e pé, "Ìyá, ẹ padà wá mú un." Ká má purọ́, igbe yẹn máa ń dùn mọ́ ọn ju èrè ọjà lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Abdulkabir. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọmọ náà ń wà láti Kétu sí Ìkòsí, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti Shittu ni, ó ń san owó ojúmọ́ fún un. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti gbó kọjá àlà. Búréèkì rẹ̀, tó bá wù ú á mú, tí kò bá wù ú, ẹ gbàdúrà. Shittu ò sì ṣe tán láti tún un ṣe.

"Mọ́mì, ẹ̀rù kẹ̀kẹ́ yìí ń bà mí," Kabir sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìyá yẹn kì í ṣe ahun, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Ó kó àjọ rẹ̀, ó ní òun á ra tuntun fún un.

2.

Àsìkò yẹn gan-an ni kẹ̀kẹ́ tuntun di ọ̀wọ́n. Ẹni tó rówó ò rí kẹ̀kẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ọláìyá nìkan ló ṣì ní in ní Kétu, ẹyọ kan péré ló sì kù níbẹ̀. Kabir jókòó sínú rẹ̀, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ọláìyá pe owó. Ìyá Kabir ná an, ó ná an, títí tó fi ku àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà láàárín wọn.

"Ìyá, ó ti jálẹ̀," Ọláìyá ní. "Ẹyọ kan yìí ló kù, mi ò sì mọ ìgbà tí òmíì máa dé. Kò gbà."

"Kò gbà náà nìyẹn? Ó dàbọ̀ o." Ìyá Kabir kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ.

Kabir sá tẹ̀ lé e. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi kún un. Màá san án padà fún yín."

"Má bojú wẹ̀yìn. Tó o bá bojú wẹ̀yìn, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ká tó dé ìdí afárá, á pè wá."

Wọ́n dé ìdí afárá. Wọ́n gun afárá. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bá a ṣe ń ná tòmátì kọ́ là ń ná kẹ̀kẹ́. Tòmátì á jẹrà tó bá di ọ̀tunla, ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà rẹ̀ fi ń ké tẹ̀ lé èèyàn. Kẹ̀kẹ́ kì í jẹrà.

3.

Nírọ̀lẹ́, fóònù Ìyá Kabir dún. Ọláìyá ni. Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣó o rí i? Ó ti wá bá mi yẹn."

"Mọ́mì, ẹ gbé e."

"Ó di ọ̀la. Jẹ́ kí ara máa ta á díẹ̀."

Fóònù dún títí, ó dákẹ́, ó tún dún. Kabir nawọ́ sí i, ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ ti lọ.

"Ìyá, ẹ ò gbé ìpè mi," Ọláìyá ní. Kò lè wojú wọn. "Oníbàárà kan kó owó dé lánàá. Àánú ọmọ yìí ló ṣe mí, mo fẹ́ ní kẹ́ ẹ wá mú un níye tẹ́ ẹ pè. Mo pè yín títí."

Kabir ò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n lọ gbé kẹ̀kẹ́ Shittu, èrò ti ń pọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù."

4.

Oṣù yẹn ò tíì parí. Kabir ń bọ̀ lọ́nà Ìkòsí, tírélà kan yà bọ́ sójú títì, búréèkì ò mú. Orí kó èrò ẹ̀yìn yọ. Kabir ò dé ọsibítù láàyè.

Mùsùlùmí kì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ jókòó, kò gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra aṣọ funfun lọ́dọ̀ Ruqoyah, aláṣọ tí wọ́n ti jọ ń fa owó aṣọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ruqoyah ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó pe owó, ó sì bù lé e dáadáa, torí ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun á ná an wálẹ̀.

Ìyá Kabir na gbogbo owó náà sí i.

"Ìyá Kabir, ẹ ò ná an ni? Kí ló dé?"

"Kabir ni wọ́n fẹ́ fi aṣọ náà wé," obìnrin náà ní.

Ruqoyah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ìkìlọ̀ mi rèé. Ẹ máa ná ọjà, kò burú. Àmọ́ ẹ mọ ọjà tẹ́ ẹ ń ná, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ sanwó. Ohun tó máa dáàbò bo ẹ̀mí ọmọ yín, tí agbára yín sì ká a, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ borí ọlọ́jà kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.