Ẹ̀rọ Ní Ó Ti Dé

Ẹ̀yin ọmọ mi, Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wa wà, níbi tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Adéṣínà ló mọṣẹ́ jù nínú wa, ṣùgbọ́n kì í ka ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sí.

Òun ló kọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn apá tí kọ̀ǹpútà kan fi ń bá èkejì sọ̀rọ̀, kí àwọn ilé ìwòsàn abúlé lè máa fi ké sí áńbúláǹsì. Ìbídùn, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí àléébù kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́nà, kọ̀ǹpútà tó ń gbà á yóò da àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà nù bí ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó fi í ránṣẹ́ yóò ní ó ti dé.

“Bọ̀dá Ṣínà, ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa sọ ohun kan náà,” ni Ìbídùn wí.

Adéṣínà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìyẹn fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́dún? Ìwọ náà fẹ́ràn wàhálà jù.”

Èmi ni ọ̀gá wọn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì buwọ́ lu iṣẹ́ náà, torí pé àwọn tó gbé e fún wa ti ń kánjú.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, obìnrin kan ń rọbí ní abúlé kan lọ́nà Ṣakí, ọmọ kò sì rọ́nà jáde. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ké sí áńbúláǹsì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lágbede méjì, ẹ̀rọ sì sọ fún un pé ìpè rẹ̀ ti dé. Ó jókòó ti aláboyún náà, ó ń wojú ọ̀nà fún wákàtí méjì. Nígbà tí ìrànlọ́wọ́ dé níkẹyìn, wọ́n rí ìyá gbà là, ṣùgbọ́n ọmọ kú.

Èmi àti Adéṣínà lọ bẹ̀ wọ́n ní abúlé náà. Nọ́ọ̀sì náà kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dùn wá jù. Ó ní, “Fóònù wà lápò mi, ọ̀gá. Ká ní ẹ̀rọ yín sọ pé kò lọ ni, ǹ bá ti fi pe áńbúláǹsì.”

Nígbà tí a padà dé, Adéṣínà tún un ṣe. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó wò wọ́n títí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹnì kan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín sọ òótọ́ kan náà níbi gbogbo, títí kan ibi tí ẹ rò pé ẹnikẹ́ni kò ní dé. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìkìlọ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, ẹ má dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́.