Ọ̀fìnkìn Adájọ́ Ọtí

Adájọ́ ọtí ti imú bọ inú ife bíà kan títí ìfófòó fi kàn án nírùngbọ̀n, síbẹ̀ kò gbóòórùn ohunkóhun. Ó mu díẹ̀, bí omi ló rí lẹ́nu rẹ̀. Ọyẹ́ Banjul ti fún un ní ọ̀fìnkìn láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí ikun imú sọ irú iṣẹ́ yìí nù? Bímpé, tó ń pọn bíà tirẹ̀ ní Kanifing, ń wá ẹni tí yóò máa tọ́ ọ wò, adájọ́ sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Latrikunda pé òun ni wọ́n mú.

"Kí lẹ gbọ́ nínú ẹ̀?" Bímpé bi í.

Haddy, ìyá àgbà tó ń fọ ife níbẹ̀, rí i pé imú rẹ̀ dí, ó ṣe bí ẹni ń nu tábìlì, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́ sí adájọ́ létí: "Èèpo ọsàn."

"Èèpo ọsàn," adájọ́ kéde, ó dijú.

Haddy tún rọra sọ pé, "Ewé kíkorò tí wọ́n fi pọn ọ́n ti pọ̀ jù. Ó ń ta mí lójú."

"Ewé rẹ̀ le díẹ̀," adájọ́ wí. "Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá."

Bímpé gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, etí tèmi ò dí. Haddy ni mo gbà síṣẹ́."

"Mùsùlùmí ni mí, màdáàmù," Haddy fèsì. "Mo lè gbóòórùn ẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ kan ahọ́n mi. Ẹ wá ẹni tí á máa bá mi gbé e mì."

Àwọn méjèèjì yíjú sí adájọ́. Ó fun imú, ó gbé ife sókè.

"Àǹtí Haddy," ó ní, "ṣé kí n mu ún tán, àbí kí n ṣẹ́ díẹ̀ kù?"