Ohun Tí Kì Í Yí Padà

Dúró ná, ìwọ tó ń kánjú lọ. Fi ohun ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kí o dẹ etí méjèèjì sí mi. Ọ̀rọ̀ tẹmómítà àlòkù kan rèé.

Alágbàfọ̀ kan wà tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Láti kékeré lọmọ náà ti ń bi í léèrè ibi tí ooru inú áyọ́ọ̀nù ń gbà lọ nígbà tó bá tutù, ìyẹn ni ìyá ṣe sọ ọ́ ní Pọ̀fẹ́sọ̀. Nígbà tó wá rí yunifásítì wọ, ó ku ìdíwọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́ nínú físíìsì ooru gbọ́dọ̀ mú ìwé ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́rìnlá wá fún olùkọ́. Lójoojúmọ́, yóò wọn omi gbígbóná bó ṣe ń tutù, yóò sì wọn ohun kan tí ooru rẹ̀ kì í yí padà, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá lábùkù, ó di ọdún tó ń bọ̀. Pọ̀fẹ́sọ̀ sì ti fi ọdún méjì dúró kó tó rí yunifásítì náà wọ.

Ó ra tẹmómítà onígíláàsì lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irinṣẹ́ àlòkù. Ohun tí kì í yí padà ló wá ṣòro láti rí. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kà á fún mi lánàá pé ooru ara èèyàn kì í kúrò ní ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì? Èmi rèé. Ta ni mo fẹ́ yí padà sí?"

Ó ki tẹmómítà bọ abíyá ìyá rẹ̀. Mọ́kàndínlógójì ló kà. Ó tún un kà. Mọ́kàndínlógójì náà ni.

"Irinṣẹ́ yìí ń parọ́, Màámi."

"Àlòkù kọ́ lo rà ni? Yọ méjì kúrò nínú gbogbo ẹ̀, kó lè tọ́."

"Ṣé kì í ṣe èrú nìyẹn?"

"Àtúnṣe ni. Ọlọ́run kì í bá òṣùwọ̀n èké jẹun. Tún tìẹ ṣe."

Pọ̀fẹ́sọ̀ yọ méjì. Ó fi pẹ́ńsù kọ iye tó rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó wá fi bírò kọ èyí tó ti tún ṣe sáàárín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, ìyá á gbé ọwọ́ lé ìwé náà, á ní, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun dí ọmọ yìí lọ́wọ́. Ohunkóhun." Ọmọ á ṣe àmín. Ìyá á mu ife omi mẹ́ta tẹ̀léra, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, Pọ̀fẹ́sọ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a. Áyọ́ọ̀nù mẹ́fà ló ń gbóná nínú yàrá tí kò ní ju fèrèsé kan lọ. Òógùn ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ gbogbo obìnrin ibẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ wọ súwẹ́tà.

"Pọ̀fẹ́sọ̀, wá bá wa wo màmá ẹ o!" ni ẹnì kan nínú wọn pariwo. "Àwa ń yọ́ bí òrí, òun ń wọṣọ òtútù."

"Má dá a lóhùn," ìyá sọ. "Oge ni mò ń ṣe. Ṣé wọn ò mọ̀ pé ìyá ọmọ yunifásítì ni mí ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Pọ̀fẹ́sọ̀ náà bá wọn rín in. Ìyá ní òun ti jẹun, kó gbé oúnjẹ padà.

Lọ́jọ́ kejìlá, tẹmómítà ka ogójì.

"Ó ti ń bàjẹ́ sí i, Màámi. Ọjọ́ méjì ló kù. Wọ́n máa lé mi."

"Ẹnikẹ́ni ò ní lé ẹ. Yọ mẹ́ta. Kọ ọ́ kíá, iṣẹ́ ń dúró dè mí."

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, olùkọ́, bàbá àgbàlagbà kan tó fi awò ojú sí góńgó imú, ṣí ìwé náà.

"Kí ló dé tó o fi ń yọ méjì? Kí ló tún sọ ọ́ di mẹ́ta?"

"Tẹmómítà yẹn ló ń parọ́, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ó gba irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú yìnyín tó ń yọ́. Ó ka òdo. Ó gbé e sínú omi tó ń hó. Ó ka ọgọ́rùn-ún géérégé.

"Olóòótọ́ ni. Iye tó o fi pẹ́ńsù kọ ló tọ́." Ó rí i tí ọmọ náà ti ń nawọ́ láti gba ìwé rẹ̀ padà. "Fọkàn balẹ̀. O tún un ṣe lóòótọ́, àmọ́ o ò pa ohun tó o rí rẹ́. Irú yín la ń wá. Mo ti gbà ẹ́ wọlé." Ó fọwọ́ síwèé. Ó tún fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ohun tó o ní kì í yí padà yìí ńkọ́, tó wà ní mọ́kàndínlógójì lójoojúmọ́, tó wá gun ogójì? Kí ni?"

"Ìyá mi ni, sà," ni Pọ̀fẹ́sọ̀ wí, ó sì rántí súwẹ́tà inú ooru yẹn, àti ẹni tó kọ́kọ́ ní kí òun yọ méjì. Ìwọ tí ò ń ka èyí, tí ẹnì kan ń sọ fún nílé pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, jọ̀ọ́, má yọ méjì mọ́: dìde nísinsìnyí, lọ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.