Àká Tuntun Ìyá Òkété

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi o! Àlọ́ náà rìn títí, ó dúró lẹ́nu àká àgbàdo gbogbo ẹranko. Ìyá Òkété ló ń ṣọ́ ọ. Ikán ti ń jẹ ẹsẹ̀ àká náà, Ẹ̀gà tó máa ń tún un ṣe sì ti sọ pé bí òjò bá ti le, òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀gà ti kọ́ àká tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ lónìí!” Ọ̀bọ ń fò sókè.

“Kí la fẹ́ kó?” Ìgbín fèsì. “Ṣebí èyí ṣì dúró.”

Ìyá Òkété ò gbọ́ ti ẹnì kankan. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan péré sínú àká tuntun, ó jókòó tì í, ó ń kọrin:

Òjò, kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ o,
Wíníwíní!
Jẹ́ n wò ó kí n tó kó o,
Wíníwíní!

Òjò rọ̀ díẹ̀. Àgbàdo inú apẹ̀rẹ̀ tutù.

“Mo ti wí!” Ìgbín kígbe.

Ìyá Òkété fi ojú ibi tó ń jò han Ẹ̀gà, Ẹ̀gà sì dí i. Òjò tún rọ̀, omi ò wọlé mọ́, àgbàdo gbẹ táútáú.

“Ó yá! Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín!” ni Ìyá Òkété wí.

Wọ́n kó o tán kí ojú ọjọ́ tó ṣú. Òjò ńlá dé, àká àtijọ́ wó lulẹ̀ gbìì! Kò sí hóró àgbàdo kan nínú ẹ̀. Ìgbín sáré dé.

“Ìyá, àgbàdo tèmi ńkọ́?”

“Wọlé, kó o wá jẹ ẹ́.”

Ni gbogbo ẹranko bá gbé orin náà, Ìgbín ló lé e:

Òjò, rọ̀ bó ṣe wù ọ́ o,
Wíníwíní!