Wọ́n Gbàdúrà Sí Ọkọ̀ Olúbọ̀dé, Ṣùgbọ́n Ta Ló Fi Gọ́ọ̀mù Sí I?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ayé máa pàtẹ́wọ́ fún yín.

1.
Creekmouth, ní Barking, ní London, ni Olúbọ̀dé ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé òun máa wa ọkọ̀ láti London, òun ó gba aṣálẹ̀ kọjá, òun ó sì wá páàkì sí ojúlé wọn kí Kérésì tó dé. Màmá ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá iwájú ilé de ọkọ̀ náà.

Ọdún márùn-ún ni Olúbọ̀dé fi tún jíìpù àtijọ́ kan ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló kù: sínọ́kẹ̀lì. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, páìpù dúdú ni, wọ́n máa ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́ jíìpù lọ sókè títí dé òrùlé. Imú ọkọ̀ ni. Nínú aṣálẹ̀, ìsàlẹ̀ ni eruku pọ̀ sí, òkè ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti máa mí.

2.
Ọjọ́ Sátidé ni òun àti Abdullah, ọmọ Ìwó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lu ihò sára jíìpù, tí wọ́n sì de páìpù náà mọ́ ọn. Ó ku kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ibi tí páìpù ti wọ inú àpótí fílítà, ìyẹn asẹ́ tí kì í jẹ́ kí eruku dé inú ẹ́ńjìnnì.

"Ó máa di Monday kí gọ́ọ̀mù yìí tó gbẹ o," Abdullah wí. "You can't move it before then."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Olúbọ̀dé dìde nínú ìjọ, tó kéde pé lọ́jọ́ Sunday wọ́n á fojú ara wọn rí ọkọ̀ tí yóò gba aginjù lọ sílé. Wòlíì ti gbà láti yà á sí mímọ́. Ṣé kó wá lọ sọ pé gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ ni?

"Fi sílẹ̀ jàre," ó ní. "After service, a ó ṣe é."

3.
Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ Sunday yẹn dùn! Sùtánà funfun yí jíìpù ká bí ọ̀wọ́ lékeléke. Wòlíì Akínrẹ̀mí wọ́n omi sí táyà, ó fi òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Moṣọpẹ́, ìyàwó Olúbọ̀dé, ń ya fídíò ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Monday, Abdullah mú gọ́ọ̀mù dé.

"Bọ̀dé, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Ṣí kí ni? Ọkọ̀ tí wọ́n ti ta òróró sí?"

"Bro, òróró kọ́ ni gọ́ọ̀mù."

"Kò lè yé ọ. Ohun tí Ọlọ́run bá ti fi èdìdì dì, ènìyàn kì í ṣí i."

Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Olúbọ̀dé mọ̀ pé àlàfo tó gba ìka ọwọ́ wà níbi tí páìpù ti wọ àpótí fílítà. Ojú ló ń tì í láti gbà pé iṣẹ́ tí kò tíì parí lòun gbé lọ síwájú ìjọ.

4.
Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, Olúbọ̀dé àti Moṣọpẹ́ wa jíìpù wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba Sípéènì, wọ́n gba Mòrókò, gbogbo rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ kẹta nínú iyanrìn Mòríténíà ni jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Olówó orí mi, ọkọ̀ yìí ò mí dáadáa o. Ẹ ṣí i wò," Moṣọpẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ti gbàdúrà sí i."

Lọ́jọ́ kẹrin, èéfín dúdú yọ, nǹkan kan hó nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì kú. Ìgbà yẹn ni Olúbọ̀dé tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Eruku ti dí fílítà pa, fílítà ti ya, iyanrìn sì ti jẹ ẹ́ńjìnnì tán. Imú gíga wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàfo ìsàlẹ̀, nítòsí táyà, ni ọkọ̀ ti ń mí láti ilé wá.

Ó jókòó sínú iyanrìn, ó sunkún. "Mo mọ̀, Moṣọpẹ́. Mo ti mọ̀ kí a tó kúrò nílé."

Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹja ló gbé wọn dé ìlú. Jíìpù kò kúrò nínú aṣálẹ̀ mọ́. Olúbọ̀dé pe Wòlíì lórí fóònù, ó ní àdúrà ò gbà.

"Brother Bọ̀dé," Wòlíì dáhùn, "Ẹ̀mí ò sọ fún mi rí pé kí ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i. Bíbélì ní ká máa ṣọ́nà kó tó ní ká máa gbàdúrà. Ẹ bá mi kí Màmá."

5.
Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó. Ní àìsùn Kérésì, orí ọ̀kadà ni tọkọtaya bá dé ojúlé tí wọ́n gbá mọ́ de jíìpù. Àwọn ará àdúgbò na ọrùn wo ẹ̀yìn wọn. Olúbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ náà..."

"Dìde jẹun," Màmá wí. "Ṣé ọkọ̀ ni mo bí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní àjẹtúnjẹ, ó sùn títí oòrùn fi wọ yàrá. Ó ti padà sí Creekmouth báyìí, ó ń de sínọ́kẹ̀lì mọ́ ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbé ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ì báà ṣe Wòlíì fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fi ìyìn ènìyàn ṣáájú iṣẹ́ tí kò tíì parí, ẹ má sì fi orúkọ Ọlọ́run bo àléébù tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.